Orí Ejò Ìpele Kẹrin

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹjọ

Ẹnjiníà Ovalle, ọ̀gá ibi ìwakùsà èédú yìí, ránṣẹ́ pe èmi àti Dókítà Quiroga, ọmọbìnrin onímọ̀ egungun tó di òkúta, sí ọ́fíìsì rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Kò fi ìjókòó lọ̀ wá. Ó ní tó bá di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó ń bọ̀, àwọn máa fi dínámáìtì fọ́ Ìpele Kẹrin, nítorí èédú tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti pẹ́ jù nílẹ̀. Dókítà ní ejò wa ṣì wà nínú amọ̀ ìpele yẹn. Ẹnjiníà fi ẹ̀yìn ti àga.

"Dókítà, ọdún kẹta rèé tí ẹ ti ń kó egungun ẹ̀yìn. Ó jọ pé ẹ̀yìn nìkan ni ejò yín ní."

Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó ṣe kókó: bí a bá lè fi egungun orí ejò náà han òun kí ọjọ́ tó pé, ìbáà jẹ́ ègé kan ṣoṣo, òun á dá iṣẹ́ dúró lórí ìpele náà fún oṣù kan gbáko. Bí a kò bá rí i, kí a palẹ̀ mọ́.

Nígbà tí a jáde, ojú Dókítà ti rẹ̀ wálẹ̀. "Màmá Elodia, ẹ̀yin náà mọ̀. Orí ejò kì í pẹ́ tú ká, egungun rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra. Ọgọ́rùn-ún ejò lè wà nílẹ̀ kí a má rí orí kan."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n tiwa wà níbẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Mo ní ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń fọ egungun tó di òkúta nínú ilé páànù yìí, ọwọ́ mi kò ṣìnà rí. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí mo sì ṣe kọ ọ́ síbí nìyẹn.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹjọ

Ooru yìí lè din ẹyin. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí gbogbo wa ti sá sábẹ́ tapólì. Egungun ẹ̀yìn méjì, egungun ìhà mẹ́ta, ìkarahun awun kan tó fẹ̀ ju tábìlì oúnjẹ mi lọ. Kò sí orí.

Euclides Brito, ẹni tó ń wa kàtàpílà ńlá ní ìpele ìsàlẹ̀, gun òkè wá ní ọ̀sán láti wá bú wa bó ṣe máa ń ṣe.

"Elodia, ọkọ rẹ ò tíì jí?"

"Kò tíì jí. Ọjọ́ tó bá jí, ìwọ ló máa fi ṣe oúnjẹ àárọ̀."

"Mo gbọ́ pé ó lè gbé màlúù mì."

"Màlúù kẹ̀? Ìwọ àti kàtàpílà rẹ, tòun ti rédíò orí rẹ̀!"

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi dé ìsàlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kò dáa, ṣùgbọ́n òun ló ń fún wa ní omi tútù.

Àìkú, 9 Oṣù Kẹjọ

Mo lọ mú Ìyá Rosenda wá láti abúlé. Àbúrò ìyá mi ni, òun ló tọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ ráyè wà nínú kòtò láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa bá mi fọ egungun nílé páànù, n kò sì lè fi iṣẹ́ yẹn lé àwọn ọmọ yunifásítì tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n lọ́wọ́.

Àárín àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ni mo bá a. Mo ṣàlàyé.

"Egungun ta ni?"

"Ti ejò ni, Ìyá."

"Ejò wo? Ọmọ ìdílé ta ni?"

"Kò ní ìdílé, Ìyá. Ó ti lé ní mílíọ̀nù lọ́nà méjìdínlọ́gọ́ta ọdún tó ti kú."

"Ìyẹn ò ní kó má ní ìyá tó bí i."

Ìyá Rosenda ló hú egungun ìyá rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti ti ìyá tó bí mi, ọdún ń gorí ọdún lẹ́yìn tí a sin wọ́n, bí àṣà wa ṣe ní ká ṣe. Òun ló wẹ̀ wọ́n, òun ló kó wọn sínú ìkòkò tí wọ́n wà dòní. Ọwọ́ tó wẹ ìyá mi, ta ni mo jẹ́ tí n ò ní fi ejò lé e lọ́wọ́? Ó gbà láti wá, ó ní ṣùgbọ́n kọfí gbọ́dọ̀ wà, ṣúgà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pọ̀.

Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹjọ

Ẹ gbà mí! Mo gbé àrépà àgbàdo àti ẹran ewúrẹ́ síwájú Ìyá lọ́sàn-án, ó ń wò ó. Mo ní kó jẹun. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Ọwọ́ tó kan egungun òkú kì í kan oúnjẹ. Ta ló máa fi bọ́ mi?"

"Ìyá, ejò ni!"

"Ṣé kì í ṣe òkú ni?"

Bí mo ṣe di ẹni tó ń bu òkèlè sí ìyá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lẹ́nu nìyẹn, tí mo ń fi aṣọ nu ẹnu rẹ̀. Dókítà wọlé bá wa. Ará Bogotá ni, ọmọlúàbí ni, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ara Màmá ò yá ni?"

Ìyá jẹ ẹran tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán pátá kó tó dáhùn. "Ara mi le koko, ọmọ mi. Ẹran yìí ni iyọ̀ rẹ̀ kò tó."

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo iṣẹ́! Egungun ẹ̀yìn mẹ́ta lóòjọ́ kan, ó mọ́ tónítóní, etí rẹ̀ kan kò ṣẹ́. Dókítà gbé ọ̀kan sókè, ó ń yí i wò, ó ní òun kò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kó má yà á lẹ́nu, ìdílé wa ni.

Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹjọ

Ewúrẹ́ ti di góòlù ní ọjà Barrancas. Ọkọ̀ omi kò wá láti Ọjọ́bọ̀. Afẹ́fẹ́ láti ìlà-oòrùn ń da eruku èédú sínú gbogbo nǹkan, títí kan ìwé yìí. Ìyá jẹ àwo fríṣè méjì, ìyẹn ẹran ewúrẹ́ díndín, èmi ni apá ń ro.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹjọ

Lásìkò ìsinmi ọ̀sán, Ìyá wà lórí ibùsùn àsorọ̀ rẹ̀, ó ní, "Sọ ìwà rẹ̀ fún mi. N kò lè máa wẹ ẹni tí n kò mọ̀."

Mo sọ fún un. Mo ní ilẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tí ewúrẹ́ rẹ̀ ń jẹ lórí rẹ̀ yìí, igbó dúdú ni nígbà náà, odò sì ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ooru rẹ̀ ju tòní lọ. Kò sí ewúrẹ́, kò sí màlúù, kò sí èèyàn kankan. Inú omi ni ejò náà ń gbé, nítorí ara rẹ̀ wúwo lórí ilẹ̀. Bó bá gbé orí rẹ̀ lé ẹnu ọ̀nà ilé páànù yìí, ìrù rẹ̀ á wà lẹ́yìn àgbá omi níta. Ikùn rẹ̀ nìkan á dí ẹnu ọ̀nà pa. Ó ń jẹ ẹja tó gùn tó ènìyàn, ó ń jẹ ọ̀nì. Á dákẹ́ sínú omi, imú rẹ̀ nìkan ló máa yọ, títí ohun tó fẹ́ jẹ á fi wá bá a fúnra rẹ̀.

"Irú ọkọ tí mo fẹ́ nìyẹn," ni Ìyá wí. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n dákẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ta ló pa á.

Mo ní ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe, ooru ayé ló ń jẹ. Kó tó lè tóbi tó bẹ́ẹ̀, ayé gbọ́dọ̀ gbóná gan-an. Dókítà rò pé ayé tutù díẹ̀díẹ̀, odò yà gba ibòmíràn, igbó ń dín kù, àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí sì ń kéré sí àwọn òbí wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ohun tí a rí ni pé nínú òkúta tó wà lókè tiwa, kò sí i mọ́.

Ìyá tún bi mí ní ìbéèrè kan.

"Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, ṣé ó mọ̀ pé òun ló kẹ́yìn?"

"Kò lè mọ̀, Ìyá. Á rò pé àwọn yòókù wà ní odò kejì."

"Ọmọ mélòó lo bí, Elodia?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n. Mẹ́rin."

"Ọkùnrin mẹ́rin. Èmi ò sì bí rárá."

Obìnrin ni ń gbé ìdílé lọ láàárín wa, àwọn ọmọ tí àwọn ọmọkùnrin mi bá bí, ti ìyá wọn ni. Èmi àti òun nìkan ló kù. Ó ní kí n bu kọfí fún òun, mo di ife náà mú sí i lẹ́nu títí ó fi mu ún tán. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, n kò ní purọ́.

Ẹtì, 28 Oṣù Kẹjọ

Ẹnjiníà Ovalle wá pẹ̀lú okùn ìwọ̀n, ó ń fi ọ̀dà pupa sàmì ibi tí wọ́n máa gbẹ́ ihò dínámáìtì sí. Ó fi ọ̀kan sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ibi tí mo kúnlẹ̀ sí. Kò kí mi, èmi náà kò kí i.

Dókítà ní kí a jẹ́ ká gbájú mọ́ kíkó àwọn egungun ẹ̀yìn tó kù, kí a má bàa pàdánù ti orí kí a tún pàdánù ti ẹ̀yìn. Mo ní rárá. Ó ní, "Màmá Elodia, òpó mẹ́sàn-án la ti gbẹ́ yí ká lọ́dún yìí." Mo ní a máa gbẹ́ ìkẹwàá; òpó la ń pe ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí a fi òpó onínọ́ńbà sàmì sí. Ó wò mí, ó mú ṣọ́bìrì. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọmọbìnrin náà nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Kẹjọ

Eruku. Kò sí nǹkan.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu.

Mo dé láti kòtò ní aago méjì, òórùn ọtí ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé Ìyá ti mutí yó. Ó ì bá dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dúró síwájú ṣẹ́ẹ̀fù kejì, ìgò ọtí chirrinchi ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, aṣọ tútù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni tó ṣiṣẹ́ rere. Gbogbo egungun tí mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló fi ọtí wẹ̀. Ọtí ló sì ń yọ́ gọ́ọ̀mù yẹn. Egungun mẹ́rìnlá ti tú sórí pákó bí ẹ̀rún àkàrà.

Mo pariwo. Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kan án? Ẹ ti bà mí láyé jẹ́! Ogbó yìí ti mú yín lórí, ẹ kò mọ ohun tí ẹ ń ṣe mọ́!"

Ìyá gbé aṣọ náà kalẹ̀. "Mo rí wọn tí eruku bò wọ́n, kò sẹ́ni tó wẹ̀ wọ́n parí. Ọtí la fi ń parí wíwẹ òkú. Àbí omi lásán lo rò pé mo fi wẹ ìyá rẹ?"

"Ìyá mi kì í ṣe ejò!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá rẹ kì í pariwo mọ́ mi."

Ó ká ibùsùn àsorọ̀ rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn, ó lọ dúró lẹ́bàá títì nínú oòrùn. Euclides ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé. N kò jáde. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kò ṣé kó, mo mọ òwe yẹn kí n tó la ẹnu, mo sì la ẹnu náà.

N kò tíì sọ fún Dókítà. Ó lọ sí Riohacha, ọ̀la ló ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo jókòó sí iwájú pákó láti aago mẹ́fà àárọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ wọ́n padà. Ìkẹfà tí mo gbé ni egungun kan tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé pélébé mọ́ lára: "Ọ̀nì. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀. Ìpele Kẹrin, Òpó Kẹtàdínlógún." Ó ti pín sí méjì. Mo mú apá kìíní àti èkejì láti fi wọ́n kanra, wọn kò kanra dáadáa. Mo yí wọn, wọn kò kanra. Mo gbé wọn sábẹ́ gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi.

Apá kan jẹ́ ti ọ̀nì lóòótọ́: eyín rẹ̀ wà nínú ihò jíjìn, bí òpó ọgbà tí a rì mọ́lẹ̀. Apá kejì kò ní ihò jíjìn. Eyín rẹ̀ lẹ̀ mọ́ egungun ní tààrà, ṣóńṣó rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn síhà ọ̀nà ọ̀fun, ó gùn tó àtàǹpàkò mi.

Ọ̀nì kì í ní eyín bẹ́ẹ̀. Ejò ló ń ní i.

Ó ti wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù mi láti ọdún mẹ́ta. Wọ́n ṣẹ́, wọ́n sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú amọ̀, èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù so ejò pọ̀ mọ́ ọ̀nì, tí mo fi amọ̀ dí àlàfo àárín wọn, tí mo kọ ìwé mọ́ ọn. Èmi, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣìnà rí. Òpó Kẹtàdínlógún sì nìyí, ní igun ìpele tí a kò tíì padà sí, nítorí mo sọ fún Dókítà pé ọ̀nì nìkan ló wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kọ òtítọ́ síbí, kò sẹ́ni tó máa kà á. Fún bíi wákàtí kan, mo rò pé kí n gbé egungun yìí lọ sí Òpó Kẹtàdínlógún, kí n fi amọ̀ bò ó, kí n sì "rí" i ní ọ̀la lójú gbogbo wọn. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo tilẹ̀ ti wá báàgì tí mo máa fi gbé e.

Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé bí mo bá rì í padà sínú ilẹ̀, ìyẹn jẹ́ irọ́ kejì lórí ejò kan náà. Àti pé ẹ̀bi ọjọ́ àná á wà lórí Ìyá Rosenda títí ayé, nígbà tó jẹ́ pé òun ló tú àṣìṣe mi. Mo dá báàgì náà padà sí àyè rẹ̀.

Ẹtì, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ní kí Dókítà tẹ̀ lé mi lọ sí ọ́fíìsì Ẹnjiníà, n kò sọ ìdí fún un. Mo rò pé bí ojú bá máa tì mí, kó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé egungun náà lé orí tábìlì lórí aṣọ funfun.

"Egungun àgbọ̀n ejò nìyí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la gbẹ́ ẹ ní Òpó Kẹtàdínlógún. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun ọ̀nì, mo pè é ní ọ̀nì. Àṣìṣe mi ni. Àbúrò ìyá mi ló fi chirrinchi tú u."

Dókítà tẹ orí ba, ó wo eyín náà, ó wò ó, ó wò ó. Etí rẹ̀ pọ́n. Mo ń retí ohun tó máa sọ.

"Èmi náà fọwọ́ sí ìwé pélébé yẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, n kò mọ èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹnjiníà wò wá tẹ̀gàn-tẹ̀gàn. "Ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ ti ń gbé orí ejò yìí kiri láti ọdún mẹ́ta, tí ẹ sì ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n jẹ́ kí ẹ wá a?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni mo wí.

"Chirrinchi ló rí i?"

"Chirrinchi ni, sà."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọmọ ilẹ̀ yìí náà ni, Fonseca ni wọ́n ti bí i. Ó ní òun ti fi ẹnu òun sọ ọ́, òun kò ní gbé e mì: oṣù kan, láti ọjọ́ kẹrìnlá, Ìpele Kẹrin jẹ́ tiwa. Ó ní kí n bá òun wá ìgò kan nínú ọtí náà.

Ojú tì mí, inú mi sì dùn, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe.

Àìkú, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Euclides wá sílé mi ní aago méje àárọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó mú ọ̀pá lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Rosenda ló rán mi. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá."

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Mo gbé àga fún un, mo fún un ní kọfí, kò mu ún, ìṣe àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ ni. Ó ní ìyá àgbà náà sọ pé ọ̀rọ̀ tí a sọ síni dà bí ọgbẹ́ tí a dá síni lára, ẹni tó dá a ló gbọ́dọ̀ wò ó. Mo ní ẹ̀bi mi ni, n kò ní bá a jiyàn. Ó ní kí n dákẹ́, a kì í yára gba ẹ̀bi bẹ́ẹ̀, ó máa jẹ́ kí iṣẹ́ òun dà bí iṣẹ́ ọmọdé.

"Kí ló fẹ́?"

"Ewúrẹ́ méjì, abo. Ìlẹ̀kẹ̀ kan, kì í ṣe ti rọ́bà. Àti pé ọjọ́ tí ẹ bá máa gbé orí náà, òun gbọ́dọ̀ wà nínú kòtò."

"Wọn kì í jẹ́ kí arúgbó wọ inú kòtò."

"Elodia," ni Euclides wí, ó sì di Euclides padà, "ṣé o fẹ́ kí n lọ sọ ìyẹn fún un? Lọ sọ ọ́ fúnra rẹ."

Mo ti ra àwọn ewúrẹ́ náà. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá mi ni mo fún un, èyí tí mo ti ń kó pamọ́. Nígbà tí ó rí i, ó fi í sọ́rùn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó ní ebi ń pa òun.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹsàn-án

Òpó Kẹtàdínlógún. Euclides fi kàtàpílà ká amọ̀ òkè kúrò fún wa ní wákàtí méjì, ọwọ́ rẹ̀ rọra bí ẹni tó ń ká aṣọ lára ọmọ tó sùn. Ègé kan tó jọ egungun àgbárí. Ègé àgbọ̀n òkè kan. Ó wà níbẹ̀, mo ti sọ ọ́!

Ọjọ́ Ajé, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n fi dínámáìtì fọ́ Ìpele Karùn-ún dípò tiwa. Ilẹ̀ mì, tíì tó wà nínú ife mi dà. Ẹnjiníà kò gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.

Ẹtì, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Àwọn ará abúlé ń dúpẹ́, èmi ń bú u. Gbogbo wa la sùn lé tapólì lórí, ẹnìkan ní igun kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dá. Amọ̀ náà yọ̀ bí ọṣẹ, ṣùgbọ́n omi kò dé ibẹ̀.

Ọjọ́rú, 23 Oṣù Kẹsàn-án

A rí gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo egungun, ṣùgbọ́n ibi tí orí náà sùn sí gan-an, àgbọ̀n òkè, ilé ọpọlọ rẹ̀, egungun tó so àgbọ̀n mọ́ àgbárí, wọ́n wà nítòsí ara wọn lórí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju atẹ́ lọ. Ó gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka. Dókítà ti kúnlẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin, ó ní òun kò lè dìde mọ́, a gbé e dìde. A ti fi sìmẹ́ńtì funfun bò ó kó má bàa fọ́. Ọ̀la la ó gbé e.

Mo ránṣẹ́ sí Ìyá Rosenda.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Wọ́n fún Ìyá ní bàtà iṣẹ́ tó nípọn àti fìlà líle. Ó wọ bàtà náà, ó ní fìlà náà kò yẹ òun, ó gbé e sábẹ́ apá. Ẹnjiníà ti fọwọ́ sí ìwé ìwọlé fún un, ó kọ "olùṣiṣẹ́ àkànṣe" síbẹ̀. Euclides dá kàtàpílà rẹ̀ dúró nítòsí wa, òun ló máa fi garawa iwájú rẹ̀ gbé orí náà gòkè.

Èmi àti Dókítà àti àwọn ọmọ méjì di igun pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ múra." Ìyá ní, "Ẹ dúró."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fa ìborùn rẹ̀ bo ojú. N kò retí rẹ̀, kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún ilé òkú, ẹkún gígùn tó máa ń ti ikùn wá, ó ń pè é ní ọmọ, ó ń pè é ní bàbá, ó ń bi í léèrè pé ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ta ló fún un lómi, ta ló ké fún un. Ó ní kó má bínú pé òun pẹ́. Ó ní òun ti dé.

Dókítà tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára pákó, ó kúnlẹ̀. Èmi náà fi ìborùn bo ojú mi. Mo sunkún fún ejò, mo sunkún fún ìyá mi, mo sunkún fún ọmọbìnrin tí n kò bí. N kò ya wọ́n sọ́tọ̀.

Euclides pa ẹ̀rọ kàtàpílà rẹ̀. Kò pẹ́ tí rédíò orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ohùn Ẹnjiníà Ovalle ni, láti òkè.

"Ẹ̀rọ kẹtàlá, kí ló dé tí o dúró?"

"Ẹnjiníà, òkú wà nílẹ̀."

"Kí lo wí? Ta ló kú? Euclides! Ta ló kú?"

Euclides wo Ìyá, ó wo ohun funfun tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé rédíò náà sún mọ́ ẹnu.

"Onílẹ̀ ni, sà."

Rédíò náà hó. Lẹ́yìn náà ni ohùn Ẹnjiníà padà, kò pariwo mọ́, gbogbo ìpele ló ń bá sọ̀rọ̀: "Gbogbo ẹ̀rọ, ẹ pa á." Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ìsàlẹ̀ kòtò títí dé òkè, títí tó fi jẹ́ pé ohùn Ìyá Rosenda nìkan ló kù. A jẹ́ kó sunkún tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà la gbé e.